Ohun tí mo rí kọ́ nígbà tí mo ń tọ́jú awọ tí oòrùn ti bà jẹ́

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n, iṣẹ́ tí kò ní òrùlé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa la ti wà nínú pápá, oòrùn á sì wọ̀ ká tó kúrò níbẹ̀. Nígbà tí mo fi máa lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì ti ní àmì dúdú tó fẹ̀ láìdọ́gba, iwájú orí mi ti ki, ó sì gbó, awọ ẹ̀gbẹ́ ojú ti hun jọ. Ṣùgbọ́n abẹ́ àgbọ̀n mi, níbi tí oòrùn kì í dé, ṣì ń dán. Ọjọ́ orí kan náà ni awọ méjèèjì. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ló ń bá mi jà.

Wọ́n máa ń sọ fún àwa aláwọ̀ dúdú pé oòrùn kò lè rí wa gbé ṣe. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mẹ́láníìnì, èròjà tó mú awọ wa dúdú, ń dá ìtànṣán oòrùn dúró ju ti aláwọ̀ funfun lọ dáadáa, ìdí nìyẹn tí ìhunjọ kì í fi í tètè yọ lójú wa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà míì ni tiwa ń gbà yọ: àmì dúdú, àwọ̀ tí kò dọ́gba mọ́, awọ tó ki tí kò sì dán. Ìtànṣán tí wọ́n ń pè ní UVB ló ń jó òkè awọ. Èkejì rẹ̀, UVA, kì í tètè jóni, àmọ́ ó ń wọ inú awọ lọ jìnnà, ó ń gba ara dígí fèrèsé kọjá, ó sì ń ba collagen jẹ́, ìyẹn èròjà tó mú awọ dúró tí kò fi rọ̀. Awakọ̀ tó ti fèrèsé ọkọ̀ rẹ̀ pa ṣì ń gbà á sára.

Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí fi ohun tó kàn yìí sọ́kàn ju gbogbo ìyókù lọ. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara, kò mú ọ̀rọ̀ bíbó awọ, ìyẹn fífi oògùn mú kí òkè awọ ṣí kúrò kí tuntun lè jáde, wá sẹ́nu rárá lọ́jọ́ náà. Ó mú awò kékeré kan tó ní iná, ó ń fi wo àmì ojú mi níkọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n bọ́ bàtà. Ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ó wo àtẹ́lẹwọ́, ó wo abẹ́ èékánná. Ẹnu yà mí, torí ojú ni mo gbé wá. Ó ní, “Mà, ẹ má bínú, mi ò lè bó ohun tí mi ò tíì mọ̀.” Ó ṣàlàyé pé kì í ṣe gbogbo àmì dúdú ni oòrùn fà, pé jẹjẹrẹ awọ lè fara pa mọ́ láàárín àwọn àmì lásán, àti pé lára àwa aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ni irú èyí tó burú jù máa ń yọ sí, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Irú rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Bob Marley, olórin nì, tó sì pa á ní 1981. Bí a bá bó irú àmì bẹ́ẹ̀ lójú, òkè rẹ̀ á mọ́, ìsàlẹ̀ á máa ràn. Ẹni tó bá fẹ́ bó ojú yín láìkọ́kọ́ wo ojú yín dáadáa, ẹ dìde kúrò níwájú rẹ̀.

Nígbà tó dá a lójú pé oòrùn ló fa tèmi, ó wá dárúkọ tretinoin.

Fítámì A ni ìdílé àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní retinoid. Retinol tí wọ́n ń tà káàkiri láìsí ìwé dókítà wà nínú wọn, àmọ́ awọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí i padà lẹ́ẹ̀mejì kó tó di retinoic acid tó ń ṣiṣẹ́. Tretinoin ti jẹ́ retinoic acid láti ilẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi lágbára jù, tí wọn kì í sì í tà á láìsí ìwé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ó ń mú kí awọ tuntun tètè gòkè wá rọ́pò ti àtijọ́, ó ń tú mẹ́láníìnì tó dì jọ lójú kan ká, nísàlẹ̀ pátápátá ó sì ń jẹ́ kí ara tún máa ṣe collagen. Irorẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi tọ́jú. Albert Kligman, dókítà kan ní Yunifásítì Pennsylvania, ló kíyè sí i pé awọ àwọn àgbàlagbà tó ń lò ó ń dán sí i, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní 1986. Ní 1988, àwọn oníṣègùn ní Yunifásítì Michigan fi ìpara 0.1% sí apá kan àwọn èèyàn 30, wọ́n fi ìpara lásán sí apá kejì, wọ́n sì ń wò ó fún ọ̀sẹ̀ 16. Apá tó gba oògùn ló yàtọ̀. (Kò yẹ ká máa pe orúkọ Kligman ká má sọ èyí: òun kan náà ló ṣe ìdánwò oògùn lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní Holmesburg ní Philadelphia, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Mo ń lo oògùn náà, ó sì ń ṣe mí láǹfààní, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé awọ àwọn tí wọ́n fi kọ́ iṣẹ́ yẹn.)

Mo rò pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an la máa bó ojú mi. Dókítà ní rárá o, awọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbara dì. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan la fi lo tretinoin 0.025%, èyí tí kò lágbára púpọ̀, ní alẹ́ nìkan torí ìmọ́lẹ̀ máa ń ba oògùn náà jẹ́. Bí a ṣe ń lò ó nìyí: mo fọ ojú, mo nù ún, mo wá dúró bí ogún ìṣẹ́jú kó gbẹ pátápátá, torí bí awọ bá tutù, oògùn á wọlé jù, á sì máa ta. Ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan ṣoṣo ló tó gbogbo ojú. Mo fi tó iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, imú àti àgbọ̀n, mo wá tẹ́ ẹ. Mo kọ́kọ́ fi Vaseline pa igun ẹnu, ẹ̀gbẹ́ ihò imú àti ìpéǹpéjú, torí ibẹ̀ ni oògùn máa ń kóra jọ sí tó sì ń géni jẹ. Alẹ́ mẹ́ta mẹ́ta la fi bẹ̀rẹ̀, kó tó di ojoojúmọ́.

Awọ mi gbẹ, ó ń ṣí wẹ́wẹ́ lẹ́bàá ẹnu, ó pọ́n díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ju oògùn sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn, wọ́n á ní kò bá àwọn lára mu. Àwọn míì tún wà tí wọ́n á máa fún ara wọn ní sùúrù tí kò yẹ, tí wọ́n á ní bó bá ṣe ń jó tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Méjèèjì ni dókítà mi kọ̀. Ó ní gbígbẹ àti ṣíṣí díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n bó bá ti ń jó, tó ń wú, kí n fi í sílẹ̀ fún alẹ́ díẹ̀ kí n sì fi ọ̀rá pa á. Fún awọ dúdú, gbogbo ibi tó bá gbiná lónìí ló lè di àmì dúdú lọ́la. A ò lè torí àmì dúdú dá àmì dúdú míì sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi bó bá ku díẹ̀ kí n fi ìpara: ṣé ó ń gbẹ ni, àbí ó ń jó? Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, àmọ́ ara awọ mi ni mo ti rí i.

Ọjọ́ bíi mélòó kan kí a tó bó o, ó ní kí n dá ìpara náà dúró. Awọ tó ti fẹ́lẹ́ lókè lè jẹ́ kí oògùn bíbó wọlé ju bó ṣe yẹ lọ.

Oríṣiríṣi ni ohun tí wọ́n fi ń bó awọ, jíjìn tí wọ́n sì ń wọlé ló fi wọ́n sí ìpele. Àwọn kan kì í kọjá òkè awọ, bíi glycolic acid àti salicylic acid bí wọn kò bá lágbára jù. TCA (trichloroacetic acid) lè dé àárín. Bí wọ́n bá fi í sójú, awọ á funfun bí ẹfun lójú ẹsẹ̀, oníṣègùn sì ń fi bó ṣe funfun tó mọ ibi tó dé. Phenol ló jìn jù, ó lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọkàn aláìsàn bí wọ́n ti ń fi í sí i. Bó bá ṣe jìn tó ni ìhunjọ ṣe ń lọ tó, ewu náà sì ń tẹ̀ lé e. Fún aláwọ̀ dúdú, ewu yẹn ni àmì dúdú, ojú tó funfun tí kò padà mọ́, tàbí àpá. Èmi fúnra mi béèrè pé ṣé kò sí èyí tó máa kó gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Dókítà ní ó wà, àmọ́ kò ní fi sí ojú mi.

Ohun tó yàn ni retinoic acid fúnra rẹ̀, tretinoin kan náà tí mo ń fi pa ojú, àmọ́ tó lágbára gan-an: 5%. Yellow peel ni wọ́n ń pè é. Ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lẹ́yìn etí mi, ó sì jẹ́ kí ọjọ́ díẹ̀ kọjá kó tó gbà pé ká tẹ̀ síwájú. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ṣe é. Nọ́ọ̀sì fi òwú tó rẹ sínú ọtí spirit nu ọ̀rá ojú mi kúrò, ó nu ún títí awọ fi ń fà, ó fi Vaseline pa igun ojú àti ètè mi. Ó wá fi búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ tẹ́ oògùn náà, iwájú orí lákọ̀ọ́kọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fi imú ṣe ìkẹyìn. Mo ti fún eyín pọ̀ pé iná ń bọ̀. Iná ò wá. Ó kàn lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ ni, awọ sì ń fà. Nígbà tí mo wo dígí, ojú mi ti di àwọ̀ ìyeyè látòkè délẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé e lọ sílé, mo fi í sílẹ̀ fún wákàtí tí dókítà dá fún mi, mo sì fi omi lásán ṣàn án kúrò kí n tó sùn.

Ọjọ́ kejì, kò sí nǹkan kan. Ojú mi kàn ki díẹ̀ ni, ó sì dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pàápàá níbi tí àwọn àmì wà. Ó ṣe pàtàkì kí èèyàn mọ èyí tẹ́lẹ̀. Awọ tó fẹ́ ṣí máa ń kọ́kọ́ dúdú, ẹni tí wọn ò bá sọ fún á rò pé wọ́n ti ba òun lójú jẹ́, á sì lọ fi nǹkan míì lé e. Ọjọ́ kẹta, mo ń yán, mo sì gbọ́ tí awọ igun ẹnu mi sán. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Àgbọ̀n ló kọ́kọ́ ṣí nítorí ẹnu kì í sinmi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e, iwájú orí ló gbẹ̀yìn. Awọ náà fẹ́lẹ́, ó ń ṣí láti etí, ẹ̀gbẹ́ kan á ti dìde, ẹ̀gbẹ́ kejì á ṣì lẹ̀ mọ́ ojú gírígírí. Ọwọ́ máa ń yún èèyàn láti fà á. Ọ̀rọ̀ dókítà mi kò ju ẹyọ kan lọ nígbà tó ń fún mi ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀: “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á.”

Mi ò fà á. Sísọ́ọ̀sì kékeré tí mo fi spirit nù ni mo fi ń gé èyí tó bá ti ń mì, mo sì fi ìyókù sílẹ̀ kó já fúnra rẹ̀. Ibi tó ṣì lẹ̀ ni awọ abẹ́ rẹ̀ kò tíì parí. Bí a bá fà á, ojú egbò la ṣí sílẹ̀. Obìnrin kan tí a jọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà dókítà ní àkókò yẹn fi àmì kan hàn mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó gùn, tó dúdú, níbi tó ti fa awọ rẹ̀. Gbogbo ojú rẹ̀ tó kù ló mọ́. Àmì kan yẹn ló ń tọ́jú láti oṣù dé oṣù.

Ní gbogbo ọjọ́ tó fi ń ṣí, omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ tí kò ní òórùn dídùn, àti Vaseline nìkan ni mo lò. Mi ò fi kànrìnkàn kan ojú, mi ò fi ìpara tretinoin, mi ò lọ síbi tó ń mú ni làágùn. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ó ti tán. Awọ abẹ́ rẹ̀ rọ̀, ó sì dán. Ìgbà tí mo fi ọwọ́ kan iwájú orí mi, omi bọ́ lójú mi.

Àmọ́ awọ tuntun yẹn kò ní ààbò kankan. Bí a bá gbé e sínú oòrùn lásán, gbogbo iṣẹ́ náà á dà nù, àwọn àmì á sì padà wá dúdú ju ti àkọ́kọ́. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé sunscreen, ìpara tó ń dá oòrùn dúró lára awọ, kò kan èmi aláwọ̀ dúdú. Ó kàn mí. Èyí tí wọ́n kọ SPF 30 sí lára, ìyẹn ìwọ̀n agbára rẹ̀, tí a bá fi tó bó ṣe yẹ ń dá nǹkan bí 97% UVB dúró, ìpara ìlà méjì, lórí ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín, ló tó ojú àti ọrùn. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń fi pa ojú kò tó ìdajì rẹ̀. Mo ń tún un fi ní wákàtí méjì méjì bí mo bá wà níta. Ohun tí dókítà tún fi kọ́ mi ni pé ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń ríran, tó yàtọ̀ sí UV, lè mú kí àmì ara aláwọ̀ dúdú dúdú sí i, sunscreen tí kò ní àwọ̀ kì í sì í dá a dúró dáadáa. Èyí tí iron oxide wà nínú rẹ̀, tó ní àwọ̀ bíi ti awọ, ló ń ràn wá lọ́wọ́. Láti ìgbà tí mo ti ń lò ó ni mi ò ti rí funfun bí eérú tí sunscreen máa ń fi sílẹ̀ lójú mi mọ́. Akẹtẹ̀ náà kò kúrò lórí mi ní pápá.

Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín nípa ohun tó yí padà. A bó o ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, a ń fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sáàárín. Bí awọ ṣe rí lọ́wọ́ ló kọ́kọ́ yí, kíákíá. Àmì dúdú fúyẹ́, ó gba oṣù púpọ̀, méjì tó jìn lẹ́bàá etí kò sì lọ tán. Ìhunjọ wẹ́wẹ́ abẹ́ ojú rọ̀. Àwọn ìlà tó jìn wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló ṣe iṣẹ́ jù, mo máa sọ pé ìpara alaalẹ́ àti sunscreen ni. Bíbó náà mú un yá, ó sì fún mi ní ìgboyà láti tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè fi ìpara kékeré yẹn ṣe ìwà fún ọdún kan, kò tíì ṣe tán láti bó ojú.

Ó dùn mí láti máa rí bí àwọn èèyàn ṣe ń ra àwọn àsíìdì yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń dà á sójú ara wọn ní ilé ìwẹ̀. Ní oṣù keje 2024, FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fún àwọn aráàlú pé kí wọ́n má ra irú oògùn bíbó awọ bẹ́ẹ̀ lò láìsí oníṣègùn, torí ó lè jó awọ, ó sì lè ba ojú jẹ́ pátápátá. Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ retinoid rárá náà wà, aláboyún ló ṣáájú wọn. Ẹni tí egbò wẹ́wẹ́ máa ń yọ létè rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí wọ́n lè fún un ní acyclovir ṣáájú, torí bíbó awọ lè jí herpes, kòkòrò tó ń fa egbò náà, dìde. Kí ẹni tí àpá rẹ̀ máa ń wú sókè sọ ọ́. Kí ẹni tó ń lo oògùn irorẹ́ oníhóró tí wọ́n ń pè ní isotretinoin sọ ọ́.

Ìbéèrè kan wà tí dókítà mi tún bi mí lẹ́ẹ̀mejì, kó lè dá a lójú: ṣé mo ti fi ìpara tó ń bóra pa ojú rí? Ó ní ọ̀pọ̀ máa ń tijú, wọ́n á ní rárá. Ìdí tó fi ń béèrè ni pé púpọ̀ nínú àwọn ìpara yẹn ní steroid nínú tí wọn kò kọ sára ike, steroid sì ti sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ohun tó yẹ kó dúró lókè á já sí ìsàlẹ̀. Hydroquinone, oògùn míì tó ń bóra, tí èèyàn bá lò ó fún ọdún púpọ̀ láìdáwọ́dúró lè dá àwọ̀ aró sílẹ̀ lójú, tí kì í fẹ́ lọ mọ́. Mercury tí wọ́n ti bá nínú àwọn míì ń ba kíndìnrín jẹ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ẹ sọ òótọ́ fún un. Bíbó tí mò ń sọ yìí kò sì sí fún kí aláwọ̀ dúdú di pupa. Àwọ̀ tí wọ́n fi bí mi ni mo ń wá padà, òun náà ni mo sì rí, lábẹ́ àgbọ̀n àti lókè rẹ̀.

Ọrùn àti ẹ̀yìn ọwọ́ ló kù báyìí. Awọ ibẹ̀ kò ní ẹṣẹ́ ọ̀rá, ìyẹn ibi tí ọ̀rá awọ ti ń jáde, tó bíi ti ojú, ó máa ń pẹ́ kó tó jiná, bẹ́ẹ̀ ni àpá máa ń tètè wà níbẹ̀. Nítorí náà 0.025% la padà sí lọ́rùn, ní alẹ́ méjì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rá lórí rẹ̀. Mo bi í pé ìgbà wo la máa bó ọrùn. Ó ní, “Mà, ẹ jẹ́ kí ìpara ṣe tirẹ̀ ná.” Mo gbà.